Owúrọ̀ Tí Ìyá Òkè Jáde Sí Ìgboro

Yàrá Kẹta, Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
Ẹ̀yìn Ọgbà Ẹranko.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Adúmáadán,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, mo sì kí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹ jọ ń jí lójoojúmọ́. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ nígbà òtútù ti fi ọ́ sílẹ̀? Ní tèmi, ara ń dúpẹ́. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mo sì ń jí. Oore tí Ọlọ́run ṣe fún mi kò kéré, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ nínú ìwé yìí kò kéré. Nítorí náà, bí aṣọ kan bá wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ báyìí, rán an tán ná, kí o wá ibì kan jókòó sí kí o tó kà á lọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ọ ní ìròyìn ọgbà. Òjò ọdún yìí pọ̀. Òṣíbàtà ti bo adágún erinmi débi pé bí erinmi bá gbé orí sókè láàárọ̀, òdòdó á wà lórí rẹ̀ bí adé, á sì máa wo gbogbo wa bí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ pẹ́ níta. Ìjàpá àgbà tí o máa ń gùn lẹ́yìn nígbà tí o wà ní kékeré ṣì wà láyé. Ó ti rìn láti ìdí igi máńgòrò dé ìdí ọparun láàárín oṣù méjì, a sì ti kí i kú ewu ìrìn àjò. Odídẹ́rẹ́ ti kọ́ ohùn aṣọ́bodè wa. O rántí pé Kò-Sáyè ni gbogbo wa ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ sọ nìyẹn. Ní báyìí, bí àlejò bá sún mọ́ ilé ẹyẹ, odídẹ́rẹ́ á pariwo pé, "Kò sáyè! Ẹ yí padà!" Àwọn mìíràn sì ń yí padà lóòótọ́.

Ìyá Òkè, àgùnfọn mi, náà wà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ló sì gbé mi jókòó. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń tọ́jú rẹ̀. O mọ iṣẹ́ náà. Ní ìdájí ni mo máa ń gé ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún, tí màá so ó mọ́ òpó ní òkè níbi tí ọrùn rẹ̀ dé. Màá gbá ilé rẹ̀, màá fọ ọpọ́n omi rẹ̀, màá yẹ pátákò rẹ̀ wò bóyá òkúta há síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá rọra máa sọ orí kalẹ̀ láti òkè, bí ẹni tí ń ti inú àlá bọ̀, tí yóò fi ahọ́n rẹ̀ tó dúdú bíi yíǹkì nù mí létí. Láti ìgbà tí akọ rẹ̀ ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó máa ń dúró láràárọ̀ láìmira, tí yóò kọjú sí ibi tí akọ náà máa ń dúró sí. Èmi náà á dúró tì í. Akọ rẹ̀ wà lọ́kàn tirẹ̀, ìyá rẹ wà lọ́kàn tèmi, kò sì sí ẹni tó ń bi ẹnì kejì léèrè ọ̀rọ̀.

Ọmọ mi, ohun kan wà tí mo fi pamọ́ fún ọ. Ojú mi ń lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ ayé ló ń pòórá: mò ń rí iwájú mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á kàn ṣàdédé yọ sí mi bí iwin. Lẹ́yìn náà ni funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ohun gbogbo, àfi bí ẹni pé wọ́n da wàrà sínú omi. Igi ọparun di èéfín. Àwọn lékeléke tó ń bà sórí pápá di bébà tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. N kò ní purọ́ fún ọ, nígbà mìíràn ó dára ní wíwò. Ní ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ń wọ̀, gbogbo ọgbà á di omi pupa, àwọn ẹranko á sì máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ láìdún rárá, èmi á dúró láàárín wọn bí ẹni tó sùn, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí òun.

Mo kọ́ bí ènìyàn ṣe ń fi ẹsẹ̀ ríran. Igba ìṣísẹ̀ ó lé mẹ́wàá ni láti ilé ìdáná àwọn ẹranko dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Òkè. Mo fi òórùn mọ kìnnìún. Mo fi bí koríko ṣe ń dún lẹ́nu wọn mọ àwọn àgbọ̀nrín. Mo fi ooru tó máa ń fẹ́ síni lójú bí èémí ọmọ ọwọ́ mọ ilé ewéko. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ ojú. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà ọgbà wa ní àlejò pàtàkì kan ń bọ̀, ìyá àgbà kan tó fẹ́ràn ẹyẹ. Mo rí ẹnì kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó ga, ó wọ dúdú, ó na ọrùn bí ọlọ́lá. Mo ṣí fìlà, mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o, mà. A ti ń retí yín." Kò dá mi lóhùn. Ògòǹgò ni! Kò-Sáyè rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó rò pé mò ń ṣàwàdà ni. Mo bá a rín in. Nígbà tí mo délé tí mo ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rín náà ò wá mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀. Ìyá Ìdáná ni, obìnrin tó ń gé èso àti ẹran fún àwọn ẹranko, tó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, tó sì ń fi ọdún mẹ́ta náà yan mí jẹ bó ṣe wù ú. Òun ló ń bá mi ka lẹ́tà rẹ láti ọdún tó kọjá. Nígbà àkọ́kọ́, mo ní mo gbàgbé awò ojú mi sílé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní, "Awò ojú wo? Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, o ò ní awò ojú." Ó bẹ̀ mí títí pé kí n sọ fún ọ. Ó ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo kọ̀. Ìgbà yẹn lo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù tìrẹ, mo sì mọ irú ẹni tó o jẹ́. Bí mo bá sọ ọ́, wàá ti ṣọ́ọ̀bù pa, wàá di ẹrù rẹ, wàá padà wá máa fà mí lọ́wọ́ kiri. Mo sì mọ̀ pé bí ọ̀gá àgbà bá gbọ́, kò ní jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ ẹranko mọ́. Ẹ̀rù méjì yìí ni mo ká jọ tí mo fi ṣe ìrọ̀rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ni òjò kan rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin ló dá, kùrukùru sì sọ̀ kalẹ̀, irú èyí tí n kò rí rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Mo ṣì ń wá bàtà mi lábẹ́ ibùsùn nígbà tí Kò-Sáyè bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn. "Bàbá Àgùnfọn! Ẹ jáde o! Ògiri ẹ̀yìn ti wó, Ìyá Òkè ti bọ́ sí ìgboro!"

Mo ní, "Ṣé o rí i?"

Ó ní, "Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo rí tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyókù rẹ̀ wà nínú kùrukùru."

A pàdé lẹ́nu géètì, ọ̀gá àgbà, dókítà ẹranko, Ìyá Ìdáná, Kò-Sáyè àti èmi. Dókítà ẹranko wa kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ọmọbìnrin tí kì í pariwo. Ó gbé ìbọn tí wọ́n fi ń yin abẹ́rẹ́ oorun dání, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé kò fẹ́ lò ó. Ó ní, "Sà, àgùnfọn kì í ṣe màlúù. Tó bá fi lè ṣubú láti òkè yẹn sórí títì, ọrùn rẹ̀ lè ṣẹ́, ọkàn rẹ̀ sì lè dákẹ́ kí n tó sáré débẹ̀." Ọ̀gá àgbà ní àwọn ọlọ́pàá ti pe òun. Tó bá ti di aago méje, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ní títì, bí ẹran náà bá ṣì wà níta nígbà náà, ìbọn tòótọ́ ni wọ́n máa yìn fún un. Aago márùn-ún ààbọ̀ ti kọjá. A pín ọ̀nà láàárín ara wa. Mo gé ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí omi ṣì ń kán lára ewé rẹ̀, mo gbé e lé èjìká, mo sì wọ inú funfun náà lọ.

Láti ọdún mẹ́ta, àárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan ni èmi àti gbogbo ayé jọ ríran bákan náà. Mò ń gbọ́ bí àwọn tó kù ṣe ń kọlu òpó, tí Kò-Sáyè ń bẹ òpó pé kó má bínú. Èmi ń rìn tèmi lọ. Mo kọjá níwájú ilé búrẹ́dì, òórùn rẹ̀ ló júwe rẹ̀ fún mi. Mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó ń rùn bíi pákó tútù. Mo kọjá lẹ́bàá ilé-ìwé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fi aago ṣeré, tó ń dún tín-ín, tín-ín, láìsí ẹni tó lù ú. Omi ń kán láti orí gbogbo òrùlé. Ó dà bí ẹni pé ìlú náà ti rì sísàlẹ̀ òkun lóru, tí kò sì tíì sí ẹni tó sọ fún àwọn ará ibẹ̀. Mo dúró, mo tẹ́tí sílẹ̀. O mọ̀ pé àgùnfọn kì í ké, ẹran tí kò fẹ́ràn àròyé ni. Ṣùgbọ́n ta ló mọ bó ṣe ń jẹun bí èmi? Mo gbọ́ ọ lókè orí mi gan-an, ẹnu kan ń yí, ó ń yí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbàdúrà sínú.

Fèrèsé kan ṣí ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ohùn ìyá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. "Ta ló wà nísàlẹ̀ yẹn? Ṣé ìwọ lo ni ẹran yìí?"

Mo ní, "Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé kò dẹ́rù bà yín?"

Ó ní, "Ẹ̀rù kẹ̀? Ó kàn jẹ òdòdó mi tán ni. Mo lajú, mo rí ojú ńlá méjì lójú fèrèsé, ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn bíi ti olóògbé ọkọ mi. Mo rò pé òun ló wá mú mi lọ. Mo ní kó dúró kí n wá bàtà mi."

Mo ní, "Ṣé ẹ ti rí bàtà náà, mà?"

"Ẹsẹ̀ kan ni mo rí. Sọ fún un pé kó ṣì máa lọ. Màá wá èkejì dáadáa."

Mo gbé ẹ̀ka náà sókè, mo fi ahọ́n lu àjà ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta bí mo ṣe máa ń pè é. Ẹnu tó ń yí náà dúró. Afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan sọ̀ kalẹ̀ sórí mi, ó ń gbóòórùn mi láti orí dé èjìká. Mo yí padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, mo sì gbọ́ pátákò rẹ̀ lẹ́yìn mi lórí títì, kò, kò, kò. Adúmáadán, ọ̀pọ̀ ohun ayọ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi, ọjọ́ tí wọ́n bí ọ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo lè fi wé ìrìn yẹn. Kò sí ilẹ̀, kò sí òkè, kò sí ilé kankan. Èmi nìkan ni, àti èémí ńlá kan tó gbẹ́kẹ̀ lé mi, tó ń tẹ̀ lé mi bọ̀.

Kùrukùru bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ohùn àwọn ènìyàn ni mo fi mọ̀, ti ọ̀gá àgbà àti àwọn ọlọ́pàá wà nínú rẹ̀. Kò-Sáyè pariwo lókèèrè pé, "Mo rí wọn! Wọ́n ń bọ̀!" Mo gbọ́ tí fèrèsé ń ṣí níbí àti lọ́hùn-ún, tí ẹnì kan ń pe ọmọ rẹ̀ kó wá wò ó. Ìgbà náà ni mo rántí wáyà. Kò-Sáyè ti sọ fún mi pé láti ọjọ́ kejì òjò ni òpó iná kan ti tẹ̀ síbi ìkóríta ilé ìfọṣọ, wáyà rẹ̀ sì ti rọ̀ débi pé ọkọ̀ gíga kì í gba abẹ́ rẹ̀ mọ́. Ènìyàn lè kọjá níbẹ̀. Àgùnfọn tó bá kọjá níbẹ̀, ó ti kú nìyẹn. Àyè tóóró kan wà lápá ọ̀tún, lẹ́bàá odi, níbi tí wáyà náà ti ga díẹ̀. Mo gbójú sókè láti wá a. Funfun. Mo wo ọ̀tún. Funfun. Kùrukùru ti kúrò lójú gbogbo ènìyàn, tèmi nìkan ló kù.

Mo dúró. Ìyá Òkè dúró lẹ́yìn mi, ó ń fa ewé jẹ lórí èjìká mi. Kí n sọ òtítọ́ fún ọ, mo rò ó pé kí n máa lọ, bóyá orí á bá mi ṣe é. Orí ló ti ń bá mi ṣe é láti ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí tara mi ni mo ti ń fi ta tẹ́tẹ́ títí di ìgbà yẹn, ti Ìyá Òkè kì í ṣe tèmi. Àyà mi ń já bí ìgbà tí wọ́n ní kí n wá wo ìyá rẹ fún ìgbà ìkẹyìn. Mo la ẹnu, mo kígbe lójú ọ̀gá àgbà, lójú àwọn ọlọ́pàá, lójú gbogbo àwọn tó wà lójú fèrèsé. "N kò ríran! Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi ríran! N kò rí wáyà náà!"

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó rọra ń bọ̀, kó má bàa dẹ́rù ba ẹran, ọwọ́ kan sì di ìgúnpá mi mú. Dókítà ẹranko ni. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ní, "Mo ti dé, sà. Ẹ yà sọ́tùn-ún. Ó tó. Ẹ máa bọ̀ ní gígùn, ẹ rọra. Wáyà ti wà lókè wa báyìí. Ẹ sọ ẹ̀ka yẹn kalẹ̀ kó lè tẹ orí wálẹ̀." Mo sọ ẹ̀ka kalẹ̀ títí ó fi dé ìbàdí mi. Mo gbọ́ tí ewé ń ya nítòsí ìbàdí mi, mo sì mọ̀ pé ọrùn gígùn yẹn ti tẹ̀ wálẹ̀. Báyẹn ni mo ṣe ń gbé ẹ̀ka náà bọ̀, tó ń tẹ̀ lé e, tí ọmọbìnrin yẹn ṣì di ìgúnpá mi mú, títí ó fi mí kanlẹ̀ tó ní, "A ti kọjá." Kí aago méje tó lù, Ìyá Òkè ti wà nínú ilé rẹ̀. Ìyá Ìdáná ń gé kárọ́ọ̀tì fún un, ó ń sunkún, ó ní àlùbọ́sà ni. Kò sí àlùbọ́sà nínú oúnjẹ àgùnfọn.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àgbà pè mí sí ọ́fíìsì. Mò ń fi ọwọ́ wá àga kiri, òun fúnra rẹ̀ ló dìde tó fà á fún mi. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé ẹranko tó lè ta kìnnìún nípàá kó kú, ẹ ń wọlé tọ̀ ọ́ láràárọ̀ láìríran?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń fi bírò lu tábìlì. Ó wá ní, "Èmi ni mi ò ríran. Mò ń rí yín lójoojúmọ́, mi ò sì rí i." Ó ní òun kò ní lé mi, ṣùgbọ́n n kò gbọ́dọ̀ wọlé tọ Ìyá Òkè mọ́ láé. Mo mọ̀ pé ó tọ̀nà. Kò ní kó má dùn mí.

Dókítà ẹranko ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ojú, Ìyá Ìdáná sì jókòó sẹ́yìn bí ọlọ́pàá kí n má bàa bẹ́ sílẹ̀. Oníṣègùn ojú náà yẹ̀ mí wò fún ìgbà pípẹ́. Ó ní àìsàn méjì ló bá mi. Agbára omi inú ojú ti tẹ iṣan ojú òsì mi pa, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Ó ní, "Bí ẹ bá ti wá lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá," kò sì parí ọ̀rọ̀ náà. Ti ọ̀tún, awọ funfun tó bò ó ṣeé mú kúrò, ojú náà á sì máa ríran, bí n kò bá ti jáwọ́ nínú oògùn tí mo gbọ́dọ̀ máa kán sí i lójoojúmọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi dì í, ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni bọ́tìnnì kan lára ẹ̀wù oníṣègùn, pẹ̀lú okùn kékeré tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò ó nínú mi pé ọmọ mi kò ní fi okùn sílẹ̀ báyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo rí Ìyá Ìdáná. Mo ní, "Irun rẹ ti funfun!" Ó ní, "Ó ti pẹ́ tó ti funfun. Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Ọjọ́ tí mo padà sí ọgbà, mo lọ dúró lẹ́yìn odi ilé Ìyá Òkè. Obìnrin tó ń tọ́jú àwọn àgbọ̀nrín tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti fi rọ́pò mi. Mo rí Ìyá Òkè. Àmì ara rẹ̀ ti dúdú ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, àpá kan sì wà ní etí rẹ̀ tí n kò mọ ọjọ́ tó gbà á. Obìnrin náà na ẹ̀ka sí i, ó gbà á, ó ń jẹ ẹ́, kò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Mo lọ sẹ́yìn ọparun, mo sunkún bí ọmọdé. Ìyá Ìdáná bá mi níbẹ̀. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí ebi pa á kú ni, kí o lè mọ̀ pé ó fẹ́ràn rẹ?"

Ilé ewéko ni wọ́n fi mí sí báyìí. Mò ń bomi rin wọn, mò ń nu eruku kúrò lára ewé ńlá, mò ń gé èyí tó bá ti gbẹ. Iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni, ooru ibẹ̀ sì máa ń mú oorun wá, àfi kí n máa rìn kiri. Patanmọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá wọlé láàárọ̀, màá fọwọ́ kàn án, ewé rẹ̀ á pa dé lẹ́ẹ̀kan náà. Màá wá dúró, màá máa wò ó bó ṣe ń ṣí padà, ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mò ń rí gbogbo rẹ̀.

Adúmáadán, ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí ló kù. Nígbà tí mo fẹ́ kúrò ní ilé ìwòsàn, oníṣègùn ojú bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ bímọ?" Mo ní mo bí ọ̀kan ṣoṣo, obìnrin, aránṣọ ni. Ó jókòó padà. Ó ní àìsàn tó pa ojú òsì mi a máa bá ẹ̀jẹ̀ rìn nínú ìdílé. Kì í dunni, kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, kí ènìyàn tó mọ̀ pé ó wà, ó ti jẹ ìdajì. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rántí bàbá mi, bó ṣe ń fi ọwọ́ tọ ògiri kiri nígbà ogbó rẹ̀, tí a ní ọjọ́ orí ni. Àwọn àgbà ní ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Ojú tèmi kò ṣepin rárá, ó mọ́ roro títí tó fi kú.

Mo bẹ̀ ọ́, ìwọ tó ń fi ojú rẹ jẹun. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ti ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ kan, lọ bá oníṣègùn ojú, sọ fún un pé àìsàn yìí wà nínú ẹbí wa. Ká ní mo ti sọ̀rọ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni, ìwọ náà ì bá ti lọ nígbà náà. Ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn nìyẹn. Ojú òsì mi ti lọ, mo ti kí i pé ó dìgbóṣe. Ṣùgbọ́n bí ìdákẹ́jẹ́ mi bá ti jí ọdún mẹ́ta lójú rẹ, kí ni màá fi san án? Mo pè é ní ìfẹ́, mo ní n kò fẹ́ dí ọ lọ́wọ́. Ìtìjú ni, ọmọ mi. Dárí jì mí.

Kí Ẹlẹ́dàá tó dá ojú ṣọ́ tìrẹ. Kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n, kí abẹ́rẹ́ má gún ọ níka, kí àwọn oníbàárà rẹ máa pọ̀ bí ewé òjò. Kí o dàgbà dàgbà, kí o rí ọmọ, kí o rí ọmọ ọmọ, kí o sì rí wọn kedere.

Èmi ni bàbá rẹ tó bí ọ, tó ń retí rẹ,
Bàbá Àgùnfọn.

Àfikún: Nígbà tí o bá ń fèsì, má kọ ọ́ gàdàgbà nítorí mi. Kọ ọ́ kékeré bí o ṣe máa ń kọ ọ́, èmi fúnra mi ni màá kà á. Ohun tí oníṣègùn ojú bá sọ fún ọ ni kí o kọ sí ìlà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni kí o tó kí mi.